Àpótí Ìbọn Bàbá Tíṣà àti Ihò Kan Tí N Kò Gbẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti bí oṣù mẹ́rin, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún yín lónìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín o. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ti wúwo tẹ́lẹ̀, kó fi í sílẹ̀ di ìgbà mìíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé fóòmù ni mò ń gé ní Challenge, ní Ìbàdàn. Mo ń ṣe ìrọ̀rí, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti inú àpótí. Tí ẹ bá ní kámẹ́rà tí ẹ kò fẹ́ kó máa yí gbirigbiri nínú àpótí, ẹ ó gbé e wá, màá tẹ́ ẹ sórí páálí, màá fi bírò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, màá wá gbẹ́ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ sínú fóòmù. Tí mo bá ṣe é tán, á wọ ibẹ̀ bí ọmọ ṣe ń wọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, bàbá kan wọlé. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ gún régé. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ará Ṣakí, ó ń gbé ní Olúyọ̀lé. Nígbà tó gbọ́ pé ará Ìgbòho ni mí, ó béèrè ilé wa, ó ní òun kọ́ àbúrò bàbá mi kan níwèé. Àpótí ike dúdú kan ló gbé dání, èyí tó le bí òkúta. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin, Dàpọ̀, ló rà á fún òun kí òun lè yé fi aṣọ wé ìbọn ọdẹ òun. Fóòmù inú rẹ̀ ti gbó, ó ti ń rún bí ìyẹ̀fun.

Ìbọn kẹ̀? Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo ní kó má bínú, ṣé ìwé àṣẹ wà? Ó fi hàn mí. Ó ṣí ìbọn náà níwájú mi, ó ní kí n wò ó, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo tọ ìbọn náà sórí páálí. Mo wá béèrè bóyá ó fẹ́ ààyè fún ọta pẹ̀lú, torí àwọn ọdẹ tí mo ti ṣe é fún rí máa ń fẹ́ mẹ́fà, àwọn mìíràn mẹ́wàá.

Ó ní, "Ọ̀kan."

Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. "Ọ̀kan péré, sà?"

"Ọ̀kan tó. Kí o tún gbẹ́ ibi tí ẹ́ńfílóòpù kan máa wọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó mọ́ tónítóní. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wá nǹkan kiri."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń ṣe fún gbogbo oníbàárà, mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo sì gba ti ẹlòmíràn tí mo lè pè tí tirẹ̀ kò bá lọ. Ó fún mi ní ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fúnmi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Bódìjà. Èmi náà wá fẹ́ ṣàwàdà, mo ní kí Dàpọ̀ wá wo iṣẹ́ mi tí mo bá ṣe é tán. Bàbá wò mí, ó ní àwọn ajínigbé ti pa Dàpọ̀ lójú ọ̀nà oko ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ó wé ìbọn rẹ̀, ó fi àpótí sílẹ̀ fún mi, ó lọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ọwọ́ máa ń mọ nǹkan kí orí tó mọ̀ ọ́n? Ní Ọjọ́rú tó yẹ kó wá gbà á, mo jókòó ti iṣẹ́ náà. Mo gbẹ́ ti ìbọn. Mo gbẹ́ ti ẹ́ńfílóòpù. Nígbà tí mo gbé bíléèdì lé ibi tí ọta máa wà, ọwọ́ mi dúró. Ìbọn kan, ọta kan, lẹ́tà kan. Ta ló ń mú ọta kan ṣoṣo lọ sí ìgbẹ́ ọdẹ? Ta ló ń tọ́jú lẹ́tà mọ́ ìbọn?

Mo sọ fún ara mi pé kò kàn mí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo pe Fúnmi.

Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní ta ni mí, ṣé iṣẹ́ ẹni tó ń gé fóòmù ni kó máa ro ibi sí bàbá òun? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Nígbà tí mo dé orí lẹ́tà, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀. Ó wá sọ pẹ̀lú ohùn kékeré pé bàbá òun ti kó àwọn ìwé rẹ̀ fún ìjọ, ó ti pín aṣọ Dàpọ̀ fún aládùúgbò, ó sì ti ní kí òun wá mú Bíbélì màmá òun tó ti kú, kó má kọjá ọjọ́ Ìsinmi. Òun rò pé ó fẹ́ gbàgbé ìbànújẹ́ ni. Ó ní òun ti ń bọ̀.

Bàbá ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé ìbọn dání nínú aṣọ. Ó tẹ́ ẹ sínú fóòmù, ó wọ̀ rẹ́gí, ó ní mo ṣe é dáadáa. Ó wá ń fi ìka wá ibi tó kù.

"Ti ọta ńkọ́?"

"N kò gbẹ́ ẹ, sà."

"Kí ló dé?"

Àgbàlagbà tó kọ́ àbúrò bàbá mi níwèé rèé. Báwo ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe máa bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo kúnlẹ̀ sínú èérún fóòmù. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Kò pariwo. Ó jókòó sórí fóòmù tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Níta, àwọn agbèrò ń pe Èkó, wọ́n ń pe Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ó ti rẹ̀ mí ni," ló wí. "Èmi ni mo ní kí Dàpọ̀ lọ wo oko lọ́jọ́ náà. Kò fẹ́ lọ. Mo pè é ní ọ̀lẹ."

Mo fi ẹsẹ̀ ti àpótí náà sábẹ́ tábìlì, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Bí Fúnmi ṣe wọlé nìyẹn, tòun taṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò bú u. Ó jókòó tì í, ó ní, "Dádì, ta ni ẹ fẹ́ fi èmi sílẹ̀ fún?" Bàbá wá bú sẹ́kún. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Omijé kò pọ̀, àyà rẹ̀ ló ń dún bí aṣọ tó ń fà ya.

A gbé ìbọn náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á lé wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, Fúnmi mú un lọ rí dókítà.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ ti dára. Mo lọ kí i ní Bódìjà lóṣù tó kọjá, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ báyìí. Ó ti rù. Fúnmi ní ó ń lo oògùn, àmọ́ ọjọ́ mìíràn wà tí kì í fẹ́ jẹun. Bàbá kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó. Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Ìwọ lo dá mi dúró." N kò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni àbí ẹ̀sùn. N kò lè béèrè.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé a mọ ọ̀fọ̀ kí, a kò mọ̀ ọ́n dúró tì. A ó ní kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú, a ó sì máa bá tiwa lọ. Ta ló ń padà lọ lẹ́yìn ogójì ọjọ́? Tí ara bá ń fu yín nípa ẹnì kan, ẹ bi í tààrà. Ìbéèrè náà kọ́ ló ń pa èèyàn. Ẹ má sì dá ẹrù náà gbé, ẹ pe ara ilé rẹ̀, ẹ wá dókítà.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀ níbí. Ẹ má wulẹ̀ yìn mí. Ẹ sọ ohun tí ẹ béèrè, tàbí ohun tó yẹ kí ẹ béèrè tí ẹ kò lè béèrè.