Omi Tí Àwọn Òkú Ń Mu

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan létí adágún ìlú wa, tí èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, tí ó ń rìn bí ẹni tó ń fa nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fa nǹkan kan, Kamphan nìyẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fa rọ́bà omi kiri inú ọgbà ìlú. Thongmi ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé rọ́bà náà ni ìyálé òun. Thongmi ti kú láti ọdún mẹ́ta. Ìyálé ṣì wà láyé.

Ní oṣù kẹsàn-án ni Kamphan máa fẹ̀yìn tì. Kò bèèrè ohun púpọ̀. Ọgbọ̀n igi ratchaphruek tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lásìkò òjò tó kọjá, ó kàn fẹ́ kí wọ́n yè ni. Tí wọ́n bá yè, wọ́n á máa ta òdòdó yẹ́lò lọ́dọọdún, òun á sì máa jókòó sábẹ́ wọn láìṣe nǹkan kan. Ó ti ń sáré lépa àìṣe nǹkan kan yìí tipẹ́.

Ṣùgbọ́n adágún ti fà dé ìdajì, ìjọba ìlú sì ní omi tí à ń dà sọ́gbà ti pọ̀ jù. Ni wọ́n bá rán ẹnjinníà wá láti Bangkok, ọmọbìnrin tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ, Waritsara. Wọ́n na páìpù dúdú tín-ínrín sídìí gbogbo igi, kí omi máa kán síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lábẹ́ igi bódì ńlá, igi mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, tó wà láàárín ọgbà, wọ́n ri ọ̀pá irin kan mọ́lẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ lọ.

Ẹnjinníà ní, “Bàbá, ẹ ti bọ́ nínú rọ́bà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀pá yìí á sọ fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ṣí omi. Bí ilẹ̀ bá tutù, á tì í.”

“Tó bá sùn lọ ńkọ́?”

“Kì í sùn, Bàbá.”

“Ó sàn jù mí lọ nìyẹn.”

Ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n rí rà fún gbogbo ọgbà. Àmọ́ wọ́n rí pátákó gàgàrà kan ṣe, wọ́n kọ “Ọgbà Ọlọ́gbọ́n” sí i. Wọ́n ti rọ́bà mọ́ yàrá, ẹnjinníà mú kọ́kọ́rọ́ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi tí ọgbà ń mu kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀gá wá ya fọ́tò. Lẹ́yìn wọn nínú fọ́tò, ewé àwọn igi kéékèèké ti ká jọ bí etí ajá tí wọ́n bá wí. Kamphan bèèrè. Ẹnjinníà wo fóònù rẹ̀, ó ní, “Ilẹ̀ tutù, Bàbá.” Kamphan fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, eruku sọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi korobá pọn omi láti adágún. Orúnkún rẹ̀ ní ìrìn mẹ́fà lóòjọ́ ló tó. Igi kan kú, lẹ́yìn náà èkejì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fún àwọn àlùfáà Búdà ní ìrẹsì alálẹ̀mọ́ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó gbé ife omi rẹ̀ lọ sídìí igi bódì láti da á sílẹ̀ fún Thongmi, kí láádá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn bí àádọ́ta ló ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ife tiwọn, olúkúlùkù pẹ̀lú òkú tirẹ̀. Kamphan da omi, ó ní, “Thongmi, gbà.” Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ọ̀pá náà. Ó ń kán tótó bí imú ọmọ.

Ọ̀pá kò purọ́. Ibi tí wọ́n rì í sí tutù ní tòótọ́. Láràárọ̀ ni àádọ́ta èèyàn ń fún un mu yó, Kamphan fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn.

Bóyá ní ìlú mìíràn, ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀. Àwa ní kreng jai. Òun ni kì í jẹ́ kí èèyàn fẹ́ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Bí òrùlé ọ̀gá ẹni bá ń jó, èèyàn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọ̀gá ti jẹun tán. Kamphan gbé máńgò lọ sí ọ́fíìsì ẹnjinníà, ó kí i, ó padà. Lọ́jọ́ kejì ó tún gbé máńgò lọ. Igi kẹta kú.

Níkẹyìn, ó bá Màmá Bualai sọ ọ́, ìyá àgbà tí gbogbo àwọn olómi àárọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbé omi wọn lọ sídìí àwọn igi kéékèèké.

“Kí ọkọ mi wá máa wá omi kiri? Nígbà tó wà láyé, bí mo bá gbé àwo rẹ̀ kúrò níbi tó mọ̀ ọ́n sí, kò ní jẹun!”

“Òkú kì í sọnù, Màmá. Thongmi kò tíì ṣì mí wá rí, níbikíbi tí mo bá sá sí.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, “Ṣé kí a kúkú sọ fún ẹnjinníà?”

“Ta ni yóò sọ ọ́?” ni Màmá Bualai bèèrè.

Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe gbà pé ó rọrùn kí a kó àádọ́ta òkú kúrò nílé ju kí a sọ fún ọmọbìnrin kan pé ó ṣe àṣìṣe.

Wọ́n kó. Lọ́jọ́ kẹta ìdí igi bódì gbẹ, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán káàkiri ọgbà. Kamphan jókòó sílẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹnjinníà sáré dé.

“Bàbá! Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ó ń da omi!”

“Bóyá òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́.”

Ẹnjinníà wo àwọn obìnrin tó mú ife dání níwájú àwọn igi kéékèèké. Ó wo ìdí igi bódì, òdòdó tí àwọn olómi àárọ̀ fi sílẹ̀ tó gbẹ mọ́ ara ọ̀pá.

“Màmá èmi náà ń da omi láràárọ̀,” ló sọ. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Mo gbé máńgò wá.”

“Mo jẹ máńgò náà.”

“Òun ni mo fi sọ ọ́.”

Ẹnjinníà fa ọ̀pá yọ, ó gbé e lọ sídìí igi kékeré àkọ́kọ́, ó kúnlẹ̀ láti rì í. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kí ohun tí Kamphan kò sọ rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

“Rárá. Ẹnjinníà, rárá. Ibẹ̀ ni Thongmi ti ń mu omi báyìí.”

Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á. Ẹnjinníà gbójú sókè. “Níbo wá ni, Bàbá?”

Ó na ọwọ́, ó fi júwe igi tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í wá láádá.

Ibẹ̀ ni ọ̀pá wà títí di òní. Omi tí ọgbà fi pamọ́ kò tó èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé lákọ̀ọ́kọ́. Igi mẹ́rin kú nínú ọgbọ̀n. Kamphan ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ sùn.