Ápù Tí Mo Gé Jẹ Nínú Ààwẹ̀

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, ní Peckham níbí, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì ilé ìdáná wa lọ, àkókò ápù ni mo fẹ́ràn jù nínú ọdún. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo mọ̀ pé lójú yín ápù ò jẹ́ nǹkan kan. Inú ọ̀rá lẹ ti ń rí i ní ṣọ́ọ̀bù, oṣù tó bá wù yín ni. Ẹ ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó gbàgbé ìyókù sórí àga, èmi ni màá sì wá jókòó lé e. Nígbà tiwa, a máa ń retí rẹ̀ ni. Bí oòrùn bá ti ń tètè wọ̀, tí ewé àwọn igi ojú pópó bá ti ń pọ́n, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Gbogbo àárọ̀ ni màá máa bi ìyá mi pé, "Mummy, ṣé ó ti tó?"

Ìyá òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń gbé nísàlẹ̀ wa, Grandma Ìsàlẹ̀ la máa ń pè wọ́n. Àbúrò wọn ọkùnrin ní oko ápù ní Kent, ọdọọdún ni wọ́n sì máa ń fi ọkọ̀ wọn kékeré gbé ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti èmi lọ síbẹ̀ láti lọ ká ápù. Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ fún wọn nígbà tí ara wọn ò yá ni wọ́n ti sọ wá di ẹbí, tí wọ́n ń jẹ ata wa tí imú wọn ń dà, tí wọ́n sì ń ní kí a tún bù sí i.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oṣù ààwẹ̀ bọ́ sí àkókò ápù gan-an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ràmàdáánì kì í dúró sójú kan, ó máa ń yí kiri inú ọdún ni. Ìyá mi ní bóyá ká má lọ lọ́dún yẹn. Àyà mi já! Àmọ́ bàbá mi, tí wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì nígbà náà, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, kàn ń mu tíì wọn lọ ní àsìkò sààrì, wọ́n ní, "Ápù ò mọ̀ pé a ń gbààwẹ̀ o. Tí ẹ ò bá lọ ká a, á jábọ́ ni." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún yín ná. Nílé wa, tí àkókò ìṣínu bá tó, orí ẹní ńlá kan ni bàbá mi máa ń jókòó sí pẹ̀lú gbogbo ẹni tó gba ààwẹ̀ délẹ̀. Àwa ọmọdé tá a gba àbọ̀ ààwẹ̀, tá a ti jẹun lọ́sàn-án, ìdí tábìlì ilé ìdáná ni tiwa. Kò sẹ́ni tó bú wa, kò sẹ́ni tó lé wa, ṣùgbọ́n a mọ ibi tí àyè wa wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò nídìí tábìlì lọ́dún tó ṣáájú, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fojú ọmọ ọwọ́ wò mí. Inú bí mi. Mo pinnu pé ọjọ́ oko ápù yẹn gan-an ni màá gba odindi ààwẹ̀ mi àkọ́kọ́, àti pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi ni màá jókòó sí. Mo sọ fún gbogbo ilé. Mo sọ fún Grandma Ìsàlẹ̀ pẹ̀lú. Díẹ̀ ló kù kí n sọ fún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí.

Ẹ ò bá rí oko yẹn! Igi tò lọ rẹrẹẹrẹ, ẹ̀ka wọn sì tẹ̀ wálẹ̀ débi pé ọwọ́ ọmọdé tó wọn. Òmíràn pọ́n bí ata rodo, òmíràn tutù yọ̀yọ̀, ó tóbi, ó sì kan gógó, ìyẹn ni wọ́n fi ń yan nǹkan. Grandma Ìsàlẹ̀ ti kọ́ wa pé a kì í fa ápù. Ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e láti ìsàlẹ̀, ẹ ó yí i díẹ̀, bó bá ti gbó, á já fúnra rẹ̀. Àṣà oko náà sì ni pé kí ẹni tó bá dé ìdí igi tuntun kọ́kọ́ gé ọ̀kan jẹ, kó lè mọ̀ bóyá ó dùn kó tó kó o sínú báàgì. Ọdọọdún la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ mi lára.

Àfi ìgbà tí inú mi wá dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mò ń sáré láti ìdí igi kan dé òmíràn, mò ń pariwo pé ẹ wá wo eléyìí, ẹ wá wo tọ̀hún. Mo rí ọ̀kan lókè, ó ń dán. Mo gun àkàsọ̀, mo ká a, mo nù ún mọ́ kóòtù mi, mo gé e, gbàù! Mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. Omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ mi. Ó dùn débi pé mo dijú, inú ojú tí mo dì yẹn gan-an ni mo ti rántí.

"Mo ti jẹ ẹ́! Mummy, mo ti jẹ ẹ́ o!"

Grandma Ìsàlẹ̀ rò pé agbọ́n ló ta mí. Wọ́n sáré dé, wọ́n ní kí n ya ẹnu, wọ́n ń wá ibi tó wú. Ìyá mi ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, wọ́n nu ojú mi, wọ́n ní, "Ó ti bọ́, ààwẹ̀ ẹ ti bàjẹ́ báyìí, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Jẹ ìyókù, ọmọdé ṣì ni ẹ́, wàá gba òmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ní, "You're finished! Tábìlì ilé ìdáná ń dúró dè ẹ́."

Mo wo ápù yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣì kù lódindi, ó pupa, ó ń dán. Ebi ń pa mí gan-an, mi ò ní purọ́. Ìyá mi sì ti ní kí n jẹ ẹ́, ta ló máa bá mi wí? Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú mi kọ̀. Mo ní, "Mi ò jẹ ẹ́. Daddy ni màá bi." Wọ́n rọ̀ mí títí, mo di ẹnu mi pinpin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn. Láti oko yẹn, títí tá a fi gba Catford kọjá, tá a fi dé Peckham, ọwọ́ mi ni ápù náà wà, ojú ibi tí mo ti gé e sì ti dúdú.

Nígbà tá a délé, Grandma Ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé wa gòkè láti wá kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń yan páì. Wọ́n ṣí ààrò tó wà lábẹ́ sítóòfù gáàsì wa, wọ́n sì dúró tí wọ́n ń wò. Gbogbo ìkòkò ìyá mi, páànù ìdín-ǹkan àti ike áísìkiriìmù àtijọ́ tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ sí ló kún ibẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, ta ló ń yan nǹkan nílé wa? Ibi ìkóǹkansí ni a rò pé wọ́n ṣe é fún. Ìgbà tá a kó wọn sílẹ̀ tán, kò síbi tá a lè gbẹ́sẹ̀ sí mọ́ nílé ìdáná. Grandma Ìsàlẹ̀ bó ápù, wọ́n fi ọwọ́ fún bọ́tà mọ́ fúláwà, ìyá mi sì fọgbọ́n ju atalẹ̀ lílọ̀ sí i nígbà tí wọn ò wòye. Kò pẹ́ tí òórùn rẹ̀ fi gba gbogbo fúláàtì. Ẹ̀yin ọmọ mi, òórùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí! Mo jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ápù mi, mò ń fetí sílẹ̀ de ìró bàtà bàbá mi.

Wọ́n dé. Wọ́n bá mi níbẹ̀, ojú mi ti wú. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, mo sì na ápù náà sí wọn kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Bàbá mi bi mí pé, "Nígbà tó o gé e jẹ, ṣé o rántí pé o ń gbààwẹ̀?"

"Rárá, sà. Mo gbàgbé ni."

"Nígbà tó o wá rántí ńkọ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́ mọ́. Mummy ní kí n jẹ ẹ́, mi ò jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín wá sójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun nínú ààwẹ̀, Ọlọ́run ló fún un jẹ. Kò sóhun tó ṣe ààwẹ̀ ẹ. Ká ní o jẹ ìyókù ni, à bá máa sọ nǹkan mìíràn."

Ìyá mi, tí wọ́n ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà, gbá àyà mú. "Háà! Èmi ni ǹ bá ba ààwẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́!" Èmi kò gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ wọn. Mo ti ń fò sókè, mò ń pariwo, mo sì ti wọlé lọ fi han ẹ̀gbọ́n mi pé ojú ti tì í.

Nígbà tí àkókò tó, bàbá mi sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, wọ́n fọwọ́ gbá àyè tó ṣófo, wọ́n ní, "Wá jókòó." Dàbínù ni mo kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà páì tó gbóná débi pé ó jó mi láhọ́n. Grandma Ìsàlẹ̀ náà jókòó tì wá, ẹsẹ̀ wọn ò ká dáadáa. Wọ́n ní àwọn náà ò fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìgbà tá a ti kúrò lóko, ojú ń ti àwọn láti jẹun níwájú mi.

Ayé ti yí padà o. Lónìí, kẹ́ ẹ tó lè lọ sóko ápù, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi fóònù gba àyè sílẹ̀, wọ́n á sì sọ wákàtí tẹ́ ẹ máa dé àti èyí tẹ́ ẹ máa lọ fún yín. Bí ọmọ bá sì ṣèèṣì jẹun nínú ààwẹ̀, fóònù yẹn náà á ti dá a lóhùn kí omijé tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bú u, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n ká ní ó wà lọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ yẹn, ìdí igi ni ọ̀rọ̀ ì bá ti parí, ǹ bá sì má dúró de ẹnikẹ́ni lórí àtẹ̀gùn. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ṣe aláìsí. Ápù wà ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo oṣù, ìdáhùn sì wà nínú fóònù fún ohunkóhun tí mo bá fẹ́ béèrè. Kò sí ìkankan nínú wọn tó lè sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní, kó ní kí n wá jókòó.