Ọjọ́ Òkú Tí Marudayi Gbà Padà

Marudayi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti kékeré ló ti ń já ewé tíì lórí òkè. Oje ewé ti wọ gbogbo ìka rẹ̀ lára, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sì sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ.

Ponnayi, ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Orí òkè náà ni wọ́n bí Ponnayi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá tirẹ̀ náà sí. Síbẹ̀, torí pé Íńdíà ni òyìnbó ti kó àwọn baba ńlá wa wá já tíì, ìjọba Sìrì Láńkà ní ará Íńdíà ni. Íńdíà ní àwọn ò mọ̀ ọ́n rí. Ó já ewé títí ó fi kú, kò ní ìlú, kò dìbò rí. Nígbà tí ìjọba fi máa ní kí àwa Támílì orí òkè wá gba ìwé ọmọ ìlú, koríko ti hù lórí sàréè rẹ̀.

Marudayi gba ìwé tirẹ̀. Ìdìbò àkọ́kọ́ tó kàn án wá bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, lásìkò tí ewé ń rú jù lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́, Sellaiya bọ́ síwájú. Òun ni kanganí, ẹni tí ọ̀gá oko fi ṣe olórí àwọn obìnrin tó ń já ewé. Àbúrò Ponnayi ni, ìdí nìyí tí Marudayi fi ń wò ó bíi bàbá. Ó ní ọ̀gá ò di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò lè lọ, tí wọ́n bá ti wọn ewé ìrọ̀lẹ́ tán.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ibi ìdìbò. Kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ kì í parí kí aago mẹ́rin tó lù. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ láì dúró de ìwọ̀n náà, owó ìdajì ọjọ́ ni wọ́n ó kọ fún un. Obìnrin kan bi í pé ṣé wọn ò lè tètè wọn ewé lónìí nìkan. Sellaiya ní ewé kì í dúró de èèyàn.

Marudayi gbọ́. Ó fi okùn apẹ̀rẹ̀ kọ́ orí, ó gun òkè. Ó ń já ewé bí ẹni ń fa irun orí ọ̀tá tu. Rasamani ló wà ní ẹsẹ̀ tíì, ìyẹn ìlà igi, tó tẹ̀ lé tirẹ̀; ó kéré sí Marudayi lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Igi tíì yẹn kọ́ ló gba ìbò yín.”

Marudayi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá tó gbà á wà nílé, ó ń jẹun.

Wọ́n wọn ewé àárọ̀, wọ́n tún padà sórí òkè. Nígbà tí wọ́n jókòó jẹ rótì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ, àti àgbọn tí wọ́n fi ata gún, Marudayi kàn mú tirẹ̀ dání. Ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Bí òkú bá ṣẹlẹ̀ lórí òkè wa, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ á ké igbe òkú, gbogbo obìnrin á sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òyìnbó tó gbin tíì pàápàá ò tó ẹni tó lè dí wọn lọ́nà. Ọjọ́ òkú nìkan ni ohun tó jẹ́ tiwa níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Ponnayi kú, ewé ń rú bíi ti òní yìí. Ọ̀gá rán Sellaiya. Sellaiya bá Marudayi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n já ewé di ìrọ̀lẹ́, pé wọ́n á dá ọjọ́ náà padà fún un. Ó gbé ọwọ́ lé òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Marudayi gbà. Èèyàn díẹ̀ ló sin ìyá rẹ̀, oòrùn ti wọ̀. Àwọn tó kù wà nídìí ìwọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu kan ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ó dá padà.

Marudayi fi rótì sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́rí, ó fi ẹsẹ̀ tíì rẹ̀ sílẹ̀ láì parí, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Sellaiya sáré bá a.

“Níbo lò ń lọ?”

“Mo fẹ́ lọ sin ìyá mi.”

“Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ìyá ẹ ti kú tipẹ́.”

“Mo mọ̀. Ẹ jẹ mí ní ọjọ́ kan. Òní ni mo fẹ́ ẹ.”

Sellaiya wo ẹ̀yìn bóyá àwọn obìnrin ń gbọ́. Wọ́n ń gbọ́. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní ọ̀gá ló rán òun nígbà náà.

Marudayi ní, “Ọ̀gá ò fọwọ́ kan òkú. Ọwọ́ tiyín ló wà lórí ẹ̀.”

Ó kọjú sí òkè, ó ké igbe òkú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Àwọn obìnrin nàró. Wọ́n mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn mọ igbe yẹn. Rasamani ló kọ́kọ́ gbé apẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Sellaiya dúró láàárín tíì, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Nísàlẹ̀ òkè, ọ̀nà pín sí méjì. Ọ̀kan lọ sí ibi ìwọ̀n, èkejì lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàṣìṣe. Wọ́n yà síbi ìwọ̀n. Ewé wà lẹ́yìn wọn, kò sì sí obìnrin kan lórí òkè wa tó gbé ewé kọjá ibi ìwọ̀n rí. Ẹsẹ̀ Marudayi fúnra rẹ̀ ti yà síbẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀.

Ó ní kí wọ́n jẹ́ káwọn máa lọ. Rasamani ní, “Ẹ jẹ́ ká sọ ewé kalẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n. Kò ní pẹ́. Ewé á bàjẹ́.”

Marudayi dá nìkan lọ sí ilé ìwé.

Àwọn yòókù dé ibi ìwọ̀n, wọn ò bá akọ̀wé tó ń wọn ewé. Ó ti bá mọ́tò ọ̀gá lọ dìbò. Wọ́n jókòó dè é.

Ní ilé ìwé, èèyàn tò lọ bẹẹrẹ. Ọlọ́pàá ẹnu géètì ní kí Marudayi sọ ẹrù kalẹ̀, pé ibí yìí kì í ṣe ibi ìwọ̀n. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ti ògiri, ó tò. Oòrùn ń pa á. Ó pẹ́ gan-an kó tó kàn án. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò mú ìka rẹ̀ kékeré, ó nù ún, ó tún nù ún, ó wá gbójú sókè.

“Kí ló dú báyìí? Ṣé ẹ ò ti dìbò níbòmíì?”

“Tíì ni,” Marudayi dá a lóhùn. “Èyí tí ẹ mu láàárọ̀.”

Ọkùnrin náà fi tàdáwà kun èékánná rẹ̀. Marudayi wọlé, ó dìbò. Ẹni tó dìbò fún ò kàn wá.

Bó ṣe jáde, ọlọ́pàá ń ti géètì. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń sáré bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo. Rasamani ló ṣáájú. Ó di irin géètì mú, ó ní kí ọlọ́pàá ṣí i. Ọlọ́pàá ní àkókò ti lọ, kí wọ́n máa lọ sílé.

Rasamani ò sunkún. Ó yíjú sí Marudayi.

“Ewé mi ti wọlé, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo wà níta.”

Wọ́n jọ padà. Marudayi ki ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀. Ewé náà ti gbóná bí ohun tí wọ́n sè, ó ti pọ́n. Ó gbé e lọ síbi ìwọ̀n, ó bá Sellaiya àti akọ̀wé níbẹ̀, tàdáwà ti wà ní èékánná akọ̀wé. Kò gbé apẹ̀rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Ó da ewé náà sí ẹsẹ̀ Sellaiya.

Sellaiya ní, “Ó ti bàjẹ́.”

Marudayi ní, “Bó ṣe yẹ kó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ìyá mi kú nìyẹn.”

Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n kọ fún un, fún gbogbo wọn ni, àwọn tí kò rí ìbò dì náà. Ní ọjọ́ kejì, ó padà sí ẹsẹ̀ tíì rẹ̀, ó parí rẹ̀. Kò kí Sellaiya. Kò kí i mọ́ títí ọkùnrin náà fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí ìdìbò mìíràn tún bọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́, tí Sellaiya ṣì jẹ́ kanganí, Rasamani ló ké igbe òkú, ojúmọ́ ò tíì mọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin jáde láti inú yàrá wọn. Kò sí èyí tó gbé apẹ̀rẹ̀. Sellaiya jáde tòun ti ṣọ́ọ̀lù lọ́rùn, ó ń bi wọ́n pé ta ló kú.

Wọ́n gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé.