Ìyá Ọkọ Inú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀rín bú jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ Ìyá Àgbà sì dúró lórí àtẹ ẹ̀wà. Ìyá bàbá mi ni. Òkúta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣà ṣì wà láàárín ìka rẹ̀. Nínú eré náà, ìyá ọkọ kan tó wé gèlè gàgàrà ń ṣí ìkòkò ìyàwó ọmọ rẹ̀ wò, ó ń yínmú, ó ní ajá gan-an kò ní jẹ ọbẹ̀ yìí. Màmá mi, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń gé àlùbọ́sà, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó. Lẹ́yìn náà ó ju òkúta yẹn sínú abọ́ páànù, ó sì tún tẹ orí ba.

Yàrá méjì la ní nínú ilé èrò púpọ̀ kan lẹ́yìn Niger Street, ní Sabon Gari, nílẹ̀ Hausa. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí gúúsù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Màmá mi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lójú títì, ẹ̀wà yẹn ni Ìyá Àgbà sì máa ń ṣà ní ìrọ̀lẹ́ bí iná bá ti dé. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá bá wa gbé lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn, nínú òórùn òrí àti èéfín kẹrosíìnì. Bí mo bá fi Hausa dá a lóhùn, á ní, "Ẹnu rẹ ti lọ sọ́jà Kurmi. Pè é padà wálé."

Eré apanilẹ́rìn-ín yẹn kì í yẹ̀. Tọkọtìyàwó ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ìyàwó tí kì í lọ sílé rẹ̀, àti ìyá ọkọ. Bí ọ̀rẹ́ bá purọ́, wọ́n á dárí jì í kí eré tó parí. Bí ọkọ bá ṣìṣe, wọ́n á parí rẹ̀. Ìyá ọkọ nìkan ni wọn kì í jẹ́ kó yí padà. Gbogbo ìgbà ló ń gbé àpò rẹ̀ wọlé, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wá ọ̀nà tí yóò fi lọ. Bó bá sì ti lanu, àwọn èèyàn kan tí a kò rí á rẹ́rìn-ín.

"Àwọn wo ló ń rẹ́rìn-ín yìí?" Ìyá Àgbà bi mí lọ́jọ́ kan.

Mo ní n kò mọ̀.

"Wọ́n pọ̀ o," ó wí. "Wọ́n kún ilé."

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ní agbo ilé tó dàgbà sí, àwọn ìyàwó ilé kì í ko ara wọn lójú. Orin òwú ni wọ́n ń kọ. Èyí tí inú ń bí á dojú kọ ọlọ, á máa lọ ata, á máa kọrin, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹni tí wọ́n ń bá wí á sì gbọ́. Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá ń tan tẹlifíṣọ̀n lálaalẹ́, tó ń fi ìyá ọkọ rẹ́rìn-ín, tí ìyá ọkọ gan-an sì jókòó níbẹ̀ tó ń ṣa ẹ̀wà, kí ni kó rò? Ó rò pé òwú ni, òwú ìgbàlódé tí wọ́n ń sanwó iná sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á ní, "Ẹ ṣeun, mo ti yó," bẹ́ẹ̀ kò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Màmá mi á wò mí, èmi á wolẹ̀. Bí orin ìbẹ̀rẹ̀ eré yẹn bá ti dún, mo máa ń gbàdúrà kí wọ́n mú iná lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí ẹ̀rín yẹn ṣe tún bú jáde, Ìyá Àgbà gbé àtẹ sílẹ̀. Ó lọ síbi abọ́ tí a fẹ́ fọ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó sì gbé orin sẹ́nu:

"Ilé tí wọ́n ti ń fi mí rẹ́rìn-ín,
N ò ní sùn síbẹ̀ mọ́ o,
Ẹrù mi ti wà ní dídì."

Ohùn rẹ̀ dùn. Màmá mi pa tẹlifíṣọ̀n. Mo rò pé ìjà dé. Ó lọ dúró tì í, ó mú abọ́ kan, ó sì gbe orin náà: "Ẹrù mi ti wà ní dídì." Ó ń mirí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Sabon Gari ni wọ́n bí màmá mi sí. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ orin Yorùbá, bí ẹnì kan bá sì dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbígbè ni. Ẹni tí wọ́n ń kọ òwú sí ló ń gbe òwú yìí. Ojú Ìyá Àgbà le koko. Kò rí irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó nuwọ́, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tí mo jí, àpò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ti wé gèlè.

"Kaka, ina za ki?" Ìyá Àgbà, níbo lẹ ń lọ, ni mo fẹ́ bi í, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí débi pé n kò rántí Yorùbá. Kò sì ní kí n pe ẹnu mi padà wálé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ń lọ lóòótọ́. Mo di ìró rẹ̀ mú, mo bú sẹ́kún.

Màmá mi sáré wọlé tòun ti ìgbákọ lọ́wọ́. "Màmá, haba. Ìrìn àjò wo nìyí?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ, kí ẹ lè ráyè fi ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín."

"Ta ni mo fi rẹ́rìn-ín?"

"Ìyá ọkọ inú tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ṣé èmi kọ́ ni?"

Màmá mi dúró. Omi ìrẹsì ń kán sílẹ̀ láti ara ìgbákọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Màmá, ìyàwó yẹn ni mò ń wò. Èmi ni. Èmi tí mi ò mọ ọbẹ̀ ìlú ọkọ mi sè. Bí ẹ bá ti dákẹ́ báyẹn, mo máa ń rò pé ẹ ń sọ lọ́kàn yín pé, ìyàwó ọmọ mi gan-an nìyẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín kí ẹ má bàa mọ̀ pé ó ń dùn mí."

"Orin àná ńkọ́?"

"Ẹ ò kọrin rí látìgbà tí ẹ ti dé. Inú mi dùn, mo bá gbè é."

Ìyá Àgbà jókòó lé àpò rẹ̀ lórí, bí ẹni tó ti rìn jìnnà.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó wí, "o ò tiẹ̀ mọ òwú."

Kò lọ mọ́, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ló tó tú àpò yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n. Ìyá ọkọ wọlé, ó ṣí ìkòkò, àwọn tí a kò rí sì rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá tiwa, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn.

Ìyá Àgbà ti kú, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí. Èmi náà ti ní ilé ọkọ ní Yankaba, ìyá ọkọ mi sì wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn ọmọ mi ń wo eré tiwọn lálaalẹ́: ìyá ọkọ ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, mègádì tí wọ́n sọ di òmùgọ̀ náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn eré wọ̀nyẹn, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rín bá ti bú jáde, kí n tó bá wọn rẹ́rìn-ín, ojú mi á kọ́kọ́ yí yàrá ká, á máa wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dúró.