Aṣọ Tí Fawziyah Fi Bo Lésà

Fawziyah kì í jókòó pẹ́. Láti kékeré ni. Àtinúkẹ́ ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ìdí ọmọ yìí kì í bá àga ṣọ̀rẹ́. Nígbà tó dàgbà, tó ríṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ gíga kan l'Ẹ́dẹ, iṣẹ́ ìjókòó ni wọ́n fún un.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó sọ. Wọ́n á tan iná lésà sí nǹkan: epo pupa, oògùn, ohunkóhun. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á padà wá, àwọ̀ rẹ̀ á ti yí díẹ̀, ìyẹn ló ń sọ ohun tó wà nínú nǹkan náà. Ràmán ni wọ́n ń pè é. Ìwé tún lórúkọ gígùn mìíràn fún un, ṣùgbọ́n orúkọ gígùn kì í tan iná.

Lésà wọn ló níṣòro. Bó bá ti gbóná, àwọ̀ iná rẹ̀ á sún. Ègé dúdú dídán kan wà tí wọ́n fi ń dán an wò. Ilà tó ń fà lójú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ dúró síbì kan náà. Kì í dúró. Fawziyah wá gbé lésà lé irin fẹ́lẹ́, ó fi fáànù kékeré sábẹ́ rẹ̀ kó máa fẹ́ ooru dànù.

Ilà dúró. Ó lọ kírun ọ̀sán. Ó padà dé, ilà ti sún.

Ó jókòó tì í, ilà rọra padà sáyè rẹ̀. Ó jáde, ilà tún sún. Bó ṣe di pé kò lè lọ jẹun mọ́ nìyẹn. Á dìde, á dé ẹnu ọ̀nà, á sáré padà.

Abdulmujeeb tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi í ṣẹ̀sín. "Ìyàwó lésà! Ọkọ ẹ ò fẹ́ kó o jáde."

"Panu ẹ dé, kí n má tàn án sí ẹ lára."

"Kó lè sọ ohun tó wà nínú mi? Ẹ̀bà ni."

Dókítà Ọláolúwa, ọ̀gá wọn, kò rẹ́rìn-ín. "Fawziyah, ẹ̀rọ tó ń wá alágbàtọ́ bí ọmọ tuntun, a ò lè fi ṣiṣẹ́. Mò ń lọ s'Óṣogbo lọ́la. Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́ tí ilà yẹn ti sún, màá gbé yàrá yìí fún ẹlòmíràn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣe sùúrù."

"Mo ti ṣe é."

Ó délé. Ìyá rẹ̀ ti se ọ̀lẹ̀lẹ̀, ó fi ògbólógbòó ìró bo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Fawziyah gbé etí aṣọ náà sókè, ó jù ú sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Fi aṣọ yẹn sílẹ̀! Bàbá ẹ ò tíì ti oko Alajue dé. Ṣé tútù lo fẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ ni?"

Fawziyah di aṣọ náà mú, kò mira.

Nílé wọn, ohun tó bá níyì, wọ́n á bò ó láṣọ. Rédíò bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀. Ti tẹlifíṣọ̀n ní wajawaja létí. Ọyẹ́ sì dé, eruku ń wọ ibi gbogbo. Nígbàkígbà tí Fawziyah bá ń jáde ní yàrá àyẹ̀wò, á fi aṣọ nínípọn bo lésà, tòun ti fáànù abẹ́ rẹ̀. Wọn kì í pa lésà lójú iṣẹ́, torí ó máa ń pẹ́ kó tó balẹ̀. Bó bá padà dé, á ṣí i.

"Mò ń sè é ni, Màámi! Bí ọ̀lẹ̀lẹ̀!"

Ìyá rẹ̀ gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ sùn."

Ní àárọ̀, ó fi páálí ṣe ilé fún lésà, ó dá ihò kan sí i fún iná, ó dá ojú fèrèsé sí i lára. Aṣọ ìbòmú ló lẹ̀ mọ́ àwọn fèrèsé náà, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí eruku má wọ̀ ọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Abdulmujeeb. "Bí mo bẹ̀ ẹ́, má fún mi." Ó bẹ̀ ẹ́. Kò fún un. Abẹ́ máńgòrò ló ti ń rìn yíká títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Dókítà dé, ó wo kọ̀ǹpútà. Ibi tí ilà wà láàárọ̀ náà ló wà.

"Ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ, sà."

"Ó dáa. Yàrá ẹ ṣì ni. Jókòó, gbé epo pupa yẹn wá ká bẹ̀rẹ̀."

Fawziyah jókòó. Kò pẹ́, ó dìde, ó lọ fọwọ́ kan páálí náà bóyá ó gbóná.