Igbá Bàbá Mi Nílé Ẹmu

Láàárọ̀ òní, ọlọ́kadà kan gbé kẹ́ẹ̀gì ẹmu kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi ní Akaka, òórùn rẹ̀ sì wọlé bá mi lórí ibùsùn. N kò tíì fojú kan oorun láti àná. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ wó ilé ẹmu ìyá bàbá mi. Mo ti bẹ̀bẹ̀ títí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí inú rẹ̀ ti rí kó tó pa rẹ́. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kúrú débi pé olówó àti tálákà ló ń tẹríba kí wọ́n tó wọlé. Bẹ́ńṣì gígùn méjì kọjú síra wọn, ìdí àwọn àgbà ti bó wọn títí wọ́n fi ń dán. Èéfín ti sọ àjà di dúdú. Ẹ̀yìn àwọn àmù ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀ ni àwọn ọkùnrin máa ń sá sí bí ìyàwó wọn bá ń wá wọn bọ̀. Tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í sá ní tiẹ̀. Ó ní ojú tó ń dun òun ni òun ń fi ẹmu tọ́jú. Ojú náà kò sì san títí ó fi kú.

Igbá ló kún ara ògiri. Kálukú ló ní tirẹ̀, lórí èèkàn tirẹ̀, ẹlòmíràn kì í fi mu. Bí ẹnìkan bá kú, Ìyá Àgbà á sọ igbá rẹ̀ kalẹ̀, wọn á lọ dà á dé sórí sàréè rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, igbá kì í jáde nínú ilé náà.

Mo wà ní kíláàsì kẹta nígbà tí bàbá mi lọ wáṣẹ́ ní Àbíjàn. Lẹ́tà kan ṣoṣo la rí gbà. Láràárọ̀ ni Ìyá Àgbà ń fọ igbá bàbá mi. Wọ́n á ní, "Ọmọ mi ò ní fi igbá eléruku mu ẹmu." Nígbà tí agbára wọn tán, wọ́n fa iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, irun mi sì ti funfun lẹ́nu rẹ̀. Àwọn igbá yòókù ti bá àwọn tó ni wọ́n lọ, ti bàbá mi nìkan ló kù. Mo mọ ìṣirò. Bàbá mi á ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ má rò pé orí mi ti dàrú.

Ife ọ̀rá ni wọ́n fi ń mu ẹmu báyìí, wọ́n á mu tán, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ife kankan kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ṣì ń lọ, tí wọn kì í dé.

Nírọ̀lẹ́ òní, mo kúnlẹ̀ fún Rótìmí, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n lẹ́yìn. Ojú tì í, ó yára gbé mi dìde.

"Àǹtí mi, ẹ gbé igbá náà lọ sílé yín, ṣebí òun náà lẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ sunkún."

Mo ní mo ti gbọ́, n ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó ṣáà sọ fún mi, orí sàréè wo ni kí n dà á dé?

 Ó ní aago méje àárọ̀ ni katapílà máa dé.