Ẹsẹ̀ Tí Kò Dáhùn

Ìyá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń fọwọ́ ra ara. Ó ní kí n máa tẹ ibi tó bá ń dun èèyàn títí yóò fi ké, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá tẹ̀ tí kò dáhùn, kí n bẹ̀rù ibẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe jẹun ní Mẹ́kà láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mo jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn Háàjì láìní ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú. Ọwọ́ mi dá ṣáṣá, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà ó ti ń gùn mí díẹ̀.

Lọ́dún kan, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Àráfà, ẹnjiníà ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé Obhur ní Jẹ́dà wá fi mọ́tò gbé mi ní Az-Zahir, àdúgbò mi ní Mẹ́kà, lọ sílé rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Háàjì tán, gbogbo ara ń ro ó. Wọ́n tẹ́ ẹní, Àlàájà dojú bolẹ̀. Èjìká rẹ̀ dáhùn, ẹ̀yìn rẹ̀ dáhùn.

"Yéè! Rọra, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo tẹ̀ ẹ́, kò wí nǹkan kan. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé gbogbo ara mi lé e.

Àlàájà ní, "Ṣé o kò tíì dé ẹsẹ̀ ni?"

Mo ní, "Mo ti wà níbẹ̀ tipẹ́, mà."

"Háà! O ò lè gbọ́ igbe mi níbẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ yẹn ti ń ta mí bí iná. Mo bá Ọlọ́run sọ ọ́ ní Àráfà, ó sì mú un kúrò."

"Alihamudulilahi," ni ọmọ rẹ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà.

Mo yí ẹsẹ̀ náà sí ìmọ́lẹ̀. Òórùn ló kọ́kọ́ kàn mí. Òkúta wẹ́wẹ́ kan, irú èyí tí a ń ṣà ní Mùsìdálífà láti fi sọ èṣù lókò ní Mínà, ti wọnú ẹran gìgísẹ̀ rẹ̀, awọ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Láti Mínà ló ti ń rìn lórí rẹ̀.

"Àlàájà, ẹsẹ̀ yìí kò sàn o. Ó ń kú lọ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sílé ìwòsàn lónìí."

Ó dìde jókòó. "Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ àdúrà mi ni o ń wí?"

Ọmọ rẹ̀ wo ojú ìyá rẹ̀, kò wo ẹsẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀, òun á gbé mi padà sílé. Ó yẹ kí n pariwo, kí n jókòó pa sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní ìkámà, mi ò sì fẹ́ wàhálà. Mo wọ mọ́tò. Ó ń dùn mí títí dòní.

Lẹ́yìn oṣù kan, ọmọ náà padà wá gbé mi. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó ti pẹ́ jù.

Mo rò pé Àlàájà fẹ́ ṣépè fún mi ni. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, aṣọ ìbora rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ lápá ọ̀tún.

"Gìgísẹ̀ yẹn," ló wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òkúta yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò jẹ́ kí n sùn. Bá mi tẹ̀ ẹ́."

Mo gbé ìka kan lé orí aṣọ níbi tí ẹsẹ̀ ì bá wà. Tìmùtìmù nìkan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

"Yéè!" ni Àlàájà ké. "Rọra!"